Ebè Tí Àbúrò Mi Kọ́kọ́ Kọ Lọ́kàn

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Ẹni tí ìrìn-àjò ń kán lójú, kó máa lọ, ọkọ̀ ò wọ́n lójú ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àyè díẹ̀, kó jókòó, kó na ẹsẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró. Iṣu ṣì wà lórí iná. Kó tó rọ̀, a ó ti lọ sí oko kan lọ́nà Gouka, a ó sì ti padà dé.

Etí títì tó la Bantè kọjá ni mo ti ń gún iyán tà, láti ìgbà tí títì náà ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa, tí àwọn awakọ̀ máa ń gbọn eruku kúrò nínú irùngbọ̀n wọn kí wọ́n tó bu òkèlè. Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ lójú ọ̀nà máa ń mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ní òun ń bọ̀. Ẹni tó ń bọ̀, wàá gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀. Ẹni tó ní òun ń bọ̀, iyán rẹ̀ á tutù nínú abọ́, eṣinṣin á sì máa wò ọ́ lójú.

Nínú gbogbo àwọn tó ní àwọn ń bọ̀ tí mo ti rí láyé, àbúrò mi ọkùnrin ni olórí wọn. Àbíkẹ́yìn ìyá wa ni. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wa ti kú, Dàdá ló sì ń pè mí, bí ọ̀pọ̀ èèyàn apá ọ̀dọ̀ wa ti ń pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Sẹ́míjàn ló ń ṣe, ó ń fi alùpùpù gbé èrò láti Bantè dé Savalou, òun àti àwọn ìyá oníṣu pẹ̀lú agbọ̀n wọn, òun àti ewúrẹ́, òun àti matiráàsì tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé lọ. Bí iṣẹ́ kan bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀. Bíbẹ̀rẹ̀ ni ò mọ̀. Àárín "mo fẹ́ ṣe é" àti "mo ti ṣe é" ló kọ́ ilé rẹ̀ sí, ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó sì ń gbádùn.

Bí ẹ bá dé yàrá rẹ̀ nígbà náà, aṣọ ló fi bo ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn wà o, ilẹ̀kùn pákó tó dára, káfíńtà ti gbé e wá tipẹ́, ó fara ti ògiri nínú yàrá. Ìṣó rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì. Òòlù wà lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá bi í pé ìgbà wo ni ilẹ̀kùn yìí máa di ilẹ̀kùn, á ní, "Dàdá, ó ti di ilẹ̀kùn. Ó kù ká gbé e síbi tó yẹ ni."

Ọ̀nà Savalou ló ti pàdé ọmọ tó fẹ́ fẹ́. Aránṣọ ni ọmọ náà, ọmọ abúlé kan lọ́nà Gouka ni, ṣùgbọ́n Savalou ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ṣí ìsọ̀ sí. Á fi èdè Mahi bá àwọn oníbàrà rẹ̀ ná ọjà, á fi Faransé bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀, á sì fi èdè tiwa bú àbúrò mi. Àbúrò mi ló gbé òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dé ìsọ̀ náà níjọ́ tó fẹ́ ṣí i. Láti ìgbà náà, bí ó bá gbé èrò dé Savalou, á gba iwájú ìsọ̀ náà kọjá, á fọn fèrè, á sì máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ọmọbìnrin náà fi jáde lọ́jọ́ kan, ó dúró sáàrin ọ̀nà, ó na sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sí i.

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni, àbí epo ló pọ̀ jù nínú alùpùpù rẹ?"

Àbúrò mi ní òun ti ń gbèrò láti sọ ọ́.

"Ó dáa. O ti sọ ọ́ nìyẹn. Mo ti gbọ́."

Ẹ rí i pé kì í ṣe òun gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn náà.

Nígbà tí a lọ tọrọ ọmọ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ìparí òjò ti ń sún mọ́lé. Àgbẹ̀ gidi ni bàbá náà, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ kọ̀. Ó gbọ́ tiwa tán, ó fọwọ́ pa orúnkún náà bí ẹni tó ń pẹ̀tù sí ọmọ nínú, ó ní:

"Mo gbọ́. Ọmọ yín wu ọmọ mi, ọmọ mi wu ọmọ yín. Mi ò ní béèrè ohun tó wà ní Cotonou lọ́wọ́ yín. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbin iṣu sí wà nílẹ̀, mo ti ní kí wọ́n bá mi ṣán an. Kí ọkọ ìyàwó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n kọ ebè sí i kí ọyẹ́ tó dé. Ọwọ́ àna ni mo fẹ́ níbẹ̀, mi ò fẹ́ ọwọ́ alágbàṣe. Bí ọyẹ́ bá bá ilẹ̀ mi ní pẹrẹsẹ, ẹ má wulẹ̀ padà wá mọ́. Ọmọ mi á rí ọkọ mìíràn."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tún bù wá lómi mu. Irú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, wọn kì í yí i padà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú ńlá, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́dọ̀ wa, ẹnu nìkan kọ́ la fi ń tọrọ ọmọ, ọkọ́ náà máa ń bá wa dá sí i. Bí ọ̀dọ́kùnrin bá kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ oko ẹnì kan, tí wọ́n kọ ebè sí i láìgba nǹkan kan, kò sí ẹni tó tún máa béèrè ohun tó wá ṣe. Gbogbo abúlé ti mọ̀. Ìyàwó ló ń wá nínú ilé náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìparí òjò la sì ń kọ ebè iṣu, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ní omi nínú. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí i, ilẹ̀ á gan, ọkọ́ á máa ta padà bí ìgbà tí a gbá òkúta.

Bàbá náà fẹ́ kí ẹnì kan mú àbúrò mi lọ wo ilẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi ní kí wọ́n má ṣe wàhálà. "Bàbá, èmi tí mò ń gbé èrò lọ sí Gouka! Ẹ ṣáà júwe rẹ̀." Bàbá ní kó kọjá ilé ìwé, kó máa bá ọ̀nà lọ títí á fi rí igi máńgòrò ńlá kan, kó yà sọ́wọ́ òsì níbẹ̀. Àbúrò mi ní ó ti yé òun, òun á lọ wò ó lọ́la.

Lọ́la náà, òjò rọ̀. Ó ní ilẹ̀ rọ̀ jù, ebè á máa wó. Nígbà tí oòrùn yọ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ní ilẹ̀ ti fẹ́ máa gbẹ, kí àwọn dúró de òjò díẹ̀ kó lè rọ̀. Ó lọ sí ọjà Savalou, ó ra irin ọkọ́ tuntun. Irin nìkan, kò ní èèkù. Ó ní igi tí wọ́n ń gé lápá Agoua ló máa ń ṣe èèkù tó dára jù, òun ń dúró de ẹni tó ń tibẹ̀ bọ̀. Èèkù dé. Ó so ó mọ́ irin, ó pọ́n ọn, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó fara ti ògiri. Bí àlejò bá wọlé, á ní, "Ẹ wo ọkọ́ oko àna mi." Lẹ́yìn èyí, àwọn ìyá àti bàbá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí kò ní òun ń lọ síbi ìsìnkú. Bí ó ti ń sọ ọ́, ó jọ pé gbogbo arúgbó agbègbè wa ló forí korí, tí wọ́n sọ pé àwọn á máa kú tẹ̀lé ara wọn nítorí kí àbúrò mi má lè lọ sóko.

Iyán ló ń jẹ ní tirẹ̀. Á jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, á ní, "Dàdá, ẹ bù ún dáadáa. Iṣẹ́ tó wà níwájú mi ò kéré." Mo máa bù ú. Ó ti jẹ iyán oko àna náà tán kó tó fojú kan oko àna.

Ọmọ Nàìjíríà kan ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, ọ̀rọ̀ máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ bíi rédíò. Òun ló sọ àbúrò mi ní Oníebè.

"Oníebè! Ebè mélòó lónìí?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ọ̀gá. Mo ti lọ wo ilẹ̀ náà."

Bí mo ti gbọ́ ìyẹn, mo gbé ọmọ odó sílẹ̀. "O ti lọ wò ó? Ìgbà wo?"

"Ìjẹta, Dàdá. Ilẹ̀ dúdú ni, ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun. Òkìtì ọ̀gán kan wà láàrin rẹ̀, ó ga tó mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán yẹn la máa ti bẹ̀rẹ̀, ká kọ ọ́ wá sápá ọ̀nà. Mo ti ro gbogbo rẹ̀."

Ó fi ìka ya ebè sórí tábìlì fún wa, pẹ̀lú omi ọbẹ̀. Elépo wò ó, ó wo èmi náà. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún mi, "ẹ gbin iṣu sí tábìlì yín o. Wọ́n ti kọ ọ́ tán."

Báyìí ni ètè wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láàárọ̀. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa ọmọ lára. Ẹni tó bá gbé ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọyẹ́ ti wà lọ́nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọwọ́ sínú abọ́ ni fóònù mi dún. Aránṣọ wa ni, láti Savalou. Mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè nítorí ọwọ́ mi kún fún iyán.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ọmọ yín wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbí, ìyàwó mi. Ó ń jẹun."

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi sọ fún un pé aṣọ ìgbéyàwó tí mo rán sílẹ̀, tí mo gbé kọ́ síwájú ìsọ̀, ẹnì kan ń wọ̀ ọ́ wò lọ́wọ́ báyìí. Ó bá a mu. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni, ọkọ tirẹ̀ ti kọ ebè tán. Mo ti ní kó lọ máa rò ó, nítorí mo máa tà á bí ọyẹ́ bá dé. Mi ò lè máa rán aṣọ fún ògiri."

Láti inú fóònù, a gbọ́ ohùn obìnrin mìíràn tó ń fi èdè Mahi sọ̀rọ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó dúró síwájú dígí.

Àbúrò mi fọ ọwọ́. Iyán ṣì wà nínú abọ́. Èmi tí mo tọ́ ọ, mi ò rí i kó fi iyán sílẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń rákòrò. Ó gun alùpùpù, ó sì lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Elépo dìde dúró, ó ṣí fìlà fún un.

Bí ilẹ̀ ti mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n pé síwájú ìsọ̀ mi, àwọn onísẹ́míjàn pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ wọn lọ́rùn, ọkọ́ ní èjìká wọn, alùpùpù ń hó bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ lọ jagun. Àbúrò mi ló ṣáájú. Inú mi dùn débi pé mo gún iyán ọjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ń lu ìlù fún. Ẹbí ọkọ ìyàwó ló ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà nígbà tí oòrùn ga, mo di iyán mọ́ igbá, mo bu ọbẹ̀ sínú ìkòkò, mo gun alùpùpù ẹnì kan, ó di ọ̀nà Gouka. Èmi ò mọ oko náà, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé bàbá àna wa. Wọ́n ní bàbá ti lọ sóko láàárọ̀. Ọmọ ilé fi ọ̀nà hàn wá.

Mo bá bàbá lábẹ́ igi máńgòrò. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú igbá ìmumi tó ti fọ̀ mọ́. Iwájú rẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ lọ pẹrẹsẹ bí ẹní.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá."

"Ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ẹrù."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. "Bàbá, àwọn ọmọ wa dà?"

"Ìyẹn ni mo fẹ́ bi yín."

"Wọ́n ti kúrò nílé láti àárọ̀."

"Èmi náà ti kúrò nílé láti àárọ̀," ni bàbá wí.

Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn la wà tí a fi gbọ́ orin. Orin oko ni, ó ń ti ẹ̀yìn igi kajú bọ̀, àwọn ọkùnrin ń kọ ọ́, ìró ọkọ́ sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀, mo gbé igbá iyán mi, a tẹ̀ lé orin. Orúnkún bàbá ò jẹ́ ká yára, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ orúnkún náà, nítorí ọkàn mi ti ń sọ ohun tí a máa bá fún mi.

A yọ sí ilẹ̀ kejì. Igi máńgòrò ńlá kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ náà. Ẹ ẹ̀ rí i, igi máńgòrò méjì ló wà, àkọ́kọ́ ni àbúrò mi rí, ó sì yà. Ebè tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n rí rògódó, wọ́n ga, wọ́n dára débi pé bàbá dúró, ó mirí, ó ní, "Iṣẹ́ rèé." Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí. Àbúrò mi wà níwájú gbogbo wọn, òógùn bò ó, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí iná ń lé. Mo ti sọ fún yín pé bíbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ò mọ̀.

Ó rí wa. Ó rẹ́rìn-ín dé etí. "Bàbá, ẹ wá wo ilẹ̀ yín!"

"Mo ti wò ó," ni bàbá wí. "Ọ̀hún ló wà."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ju ọkọ́ sílẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́? Mo bi í láàárọ̀ pé òkìtì ọ̀gán tó wí dà, ó ní òjò ti wó o!"

Mo pe àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ìwọ tí o ti lọ wò ó?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Dàdá, mo ti pinnu láti lọ wò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa ń dùbúlẹ̀, mo máa ń rí ara mi lójú ọ̀nà, mo máa ń rí ọ̀gán yẹn. Nígbà tó yá, mo rò pé mo ti lọ."

Kí n tó dá a lóhùn, obìnrin kan yọ láti apá abúlé. Arúgbó ni, ó wọ sùtánà funfun àwọn ìjọ aláṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn bí ìjọ wọn ti ń ṣe. Opó ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Nàìjíríà, wọn kì í wá. Ilé àdúrà ló ti ń bọ̀ ní tààrà, ẹnì kan ló sọ fún un pé àwọn ọkùnrin kún oko rẹ̀. Ó rí àwọn ebè náà, ó sì kúnlẹ̀ sáàrin wọn.

"Olúwa o! Mo ní kí O rán ẹnì kan, O rán ẹgbẹ́ ogun!"

Ó dìde, ó lọ káàkiri, ó ń fọwọ́ kan àwọn onísẹ́míjàn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń súre fún wọn. Kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé àṣìṣe ni. Àwọn ará abúlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pé sí ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n ti rí ọ̀dọ́kùnrin tó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ ebè, wọ́n sì ti mọ ohun tó wá.

"Àna ìyá rèé o!" ni ìyá kan kígbe.

"Àna báwo? Kò sí ọmọbìnrin kankan nílé ìyá."

"Ta ló wá fẹ́ nígbà náà?"

Gbogbo wọn wo opó náà. Opó náà wo àbúrò mi, ó fi etí sùtánà nu ojú.

Bàbá ló bi í, bó ti máa ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́: "Ọmọ mi, ṣé ìyá yìí lo wá fẹ́?"

"Bàbá, rárá o! Mà, ẹ má bínú, mi ò…"

"Kí ló dé tí o fi ń pariwo bẹ́ẹ̀?" ni opó wí. "Ṣé mo burú tó bẹ́ẹ̀ ni? Nígbà ọ̀dọ́ mi, ọkùnrin méjì jà nítorí mi lọ́jà Savalou." Ẹ̀rín bú gbàà. Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ebè mú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Iṣẹ́ tí ẹ ṣe dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mi ṣì wà ní pẹrẹsẹ. Ọyẹ́ ò ní béèrè bóyá ẹ ṣìnà." Ó gbé ọ̀pá, ó ń lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ ti jókòó sídìí igbá mi. Ọwọ́ wọn ti bó. Wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n ní àwọn ti ṣe tàwọn, èrò ń dúró de àwọn ní Bantè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gun alùpùpù rẹ̀. Àbúrò mi sáré tẹ̀ lé bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́la."

Bàbá dúró. Ó wò ó. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ìwò yẹn fún yín. Àbúrò mi pàápàá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì ya ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì padà.

"Lọ́la," ni opó wí lẹ́yìn wa.

Gbogbo wa yíjú padà.

"Mo gbọ́ tẹnu yín tán báyìí. Ẹni tó bá bá mi ṣiṣẹ́ lóko, mo jẹ ẹ́ ní iṣẹ́. Bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe àáró nìyẹn, ìjọ mi ò ní kí n má ṣe é. Lọ́la, bí a bá ti ṣe àdúrà òwúrọ̀ tán, a wà lórí ilẹ̀ yín." Ó yípadà, ó ń lọ pe àwọn èèyàn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹnu méjì ló sọ ọ̀rọ̀ kan náà lórí ilẹ̀ kan náà. Ti àkọ́kọ́ ba bàbá nínú jẹ́, ti èkejì mú un jókòó padà sórí ebè, ó ń ronú.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé yàrá àbúrò mi, mo gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè. Ó nà gbalaja lórí ẹní.

"Dàdá, gbogbo ara mi ló ń dùn mí. Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀."

Ẹnì kan yọ lẹ́yìn mi. Aránṣọ wa ni, èrò àárọ̀ ló bá dé láti Savalou, àpò ọ̀rá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí i. Ó gbé àpò lé mi lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ẹní mú, ó sì fà á yọ bí ẹni fa aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ. Àbúrò mi bára rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Ọmọbìnrin náà yọ ọkọ́ lára ògiri, ó jáde, ó jókòó síwájú alùpùpù ọkọ rẹ̀, ó sì tan án. Àbúrò mi ló jókòó lẹ́yìn bí èrò. Elépo rí wọn kọjá. "Oníebè! Ta ló ń gbé ta?"

Èmi náà wá alùpùpù, mo tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí a dé oko bàbá, àwọn aláṣọ funfun ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti bọ́ sùtánà, wọ́n fi kọ́ sára ẹ̀ka máńgòrò, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Káfíńtà wà níbẹ̀, onídìrí wà níbẹ̀, ẹni tó ń lẹ táyà wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọrin ìjọ wọn, ebè ń dìde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti yí padà. Ó gbẹ, ó tutù. Òkè lápá àríwá ti funfun bí omi ìṣanwọ́.

Bàbá jókòó sábẹ́ igi rẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àna ni mo ní mo fẹ́. Ọwọ́ ìjọ ni mò ń rí."

Opó fi ọkọ́ rẹ̀ gúnlẹ̀. "Bàbá, ọwọ́ ọmọ yìí wà lórí ilẹ̀ mi. Mo yá a lánàá, mo dá a padà lónìí. Ọwọ́ ta ni ẹ wá ń pè é?"

Bàbá pa orúnkún rẹ̀ lára. Ó wá na ọ̀pá sí etí oko lápá ọ̀nà, níbi tí alùpùpù àti màlúù ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi gan bíi sìmẹ́ǹtì. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn. Ọmọ yín nìkan ni kó kọ ọ́, kó tó di pé ọyẹ́ dé."

Àbúrò mi wo ibẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta kan. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí díẹ̀."

Ọmọbìnrin náà ṣí àpò ọ̀rá. Ó fa aṣọ ìgbéyàwó yọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sókè sínú afẹ́fẹ́, ó sì bi àwọn obìnrin ìjọ pé ta ni ó máa bá mu nínú wọn. Onídìrí fọwọ́ kan etí aṣọ náà, ó ní ó dára gan-an.

Ọkọ́ dún kàn lórí ilẹ̀ líle.

Ó kọ ọ́ o. Ọkọ́ ń ta padà, iná ń ta lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a dá sí i. Àwọn ará ìjọ parí tiwọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀nà bọ̀ láti apá òkè, oòrùn di rogodo pupa tí èèyàn lè wò láìdijú, ètè mi là. Ebè tó gbẹ̀yìn ló wà lórí rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ kọjá lórí wa, ó gbé àwọn sùtánà náà sókè lára igi, ó da eruku lé gbogbo wa lórí. Àbúrò mi dúró. Ó gbójú sókè.

"Bàbá," ló wí, "ó kù ẹyọ kan."

Eruku ti bo ìpéǹpéjú bàbá, ó funfun bí ẹni tó ṣubú sínú ìyẹ̀fun. Ó wo òkè fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ọwọ́ nu imú.

"Ojú mi ò ríran jìnnà mọ́," ni bàbá wí. "Mi ò rí ọyẹ́ kankan. Ṣé ẹ̀yin rí i, màmá?"

Ó bi opó. Opó wú ikọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu eruku kúrò lẹ́nu. Ó ní òun náà ò rí i.

Àbúrò mi kọ ẹyọ kan náà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Bàbá ti lọ sílé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí rere. Ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ aránṣọ àti àwọn ọmọ tó bí fún wa, ìdí igi máńgòrò ni wọ́n sì ti máa ń jẹ iṣu tuntun. Orúnkún tó ń dùn ún náà rí ẹni jogún rẹ̀: èmi ni, láìjẹ́ pé mo bá a tan. Opó sọ fún ìjọ rẹ̀ kó tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi fóònù gbà á láti Nàìjíríà, pé ẹni tó kọ́kọ́ kọ ebè sí ilẹ̀ òun láìbéèrè ni kó ni ín, nítorí náà ilẹ̀ tí àbúrò mi ṣìnà wọ̀ ti di tirẹ̀. Sùtánà ìyá náà wà lọ́wọ́ onídìrí. Aṣọ ìgbéyàwó, wọ́n ti gé e fún ọmọbìnrin wọn àgbà.

Ọkọ́ náà wà lọ́dọ̀ mi, òun ni mo fi ń wa eérú lábẹ́ ìkòkò. Òòlù ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Àkọ́bí wọn ọkùnrin ló jogún yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fara ti ògiri. Mo ti bi í lóṣù tó kọjá ìgbà tó máa kàn án.

Ó ní òun ti wọn ẹnu ọ̀nà.

Iṣu ti jinná. Ẹ gbé abọ́ yín wá.